Ìtàn Ìjọ Àgùdà kò gbọdọ̀ di èèwọ̀ nílé ẹ̀kọ́ Àgùdà

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lẹ́tà tí òbí kan kọ sí yín, tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni mo fẹ́ fèsì sí. Òbí náà ní ọmọ òun tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama Kátólíìkì kan l'Ékòó délé, ó ń sọ pé olùkọ́ Ìtàn kọ́ àwọn pé Póòpù kan wà tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa kó èèyàn lẹ́rú. Ó ní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ń ba ìgbàgbọ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, àti pé kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù wádìí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Kò dárúkọ ilé ẹ̀kọ́, kò sì dárúkọ olùkọ́. Bóyá èmi ló ń bá wí o, bóyá ẹlòmíì ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìtàn ni mò ń kọ́ níbẹ̀, ohun tí òbí náà ń bínú sí yẹn gan-an ni mo sì ń kọ́ wọn.

Mùsùlùmí ni mí. Àlájà ni àwọn ọmọ ń pè mí, bẹ́ẹ̀ náà ni Sista tó jẹ́ ọ̀gá wa ń pè mí. Ọ̀rọ̀ ìbòrí kọ́ ni mo bá wá. Ẹni tí ìjà ìyẹn bá ń wù kó wá a lọ síbòmíì. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹnì kan má baà rò pé òun tú mi láṣìírí ni. Nígbà tí wọ́n gbà mí, ohun tí Sista ìgbà yẹn, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, sọ fún mi kò ju pé kí n má parọ́ fún àwọn ọmọ, kí n sì máa tètè dé fún àdúrà àárọ̀. Ti àdúrà àárọ̀ yẹn ló ṣòro jù, ẹ̀yin tí ẹ ń gba afárá Third Mainland lówùúrọ̀ mọ ohun tí mò ń wí.

Ohun tí mò ń kọ́ wọn rèé. Lóṣù kẹfà ọdún 1452, Póòpù Nicholas Karùn-ún kọ ìwé sí Afonso Karùn-ún, ọba Potogí. Dum Diversas ni wọ́n ń pe ìwé náà. Ó fún ọba yìí láṣẹ pé kó gbógun ti àwọn Mùsùlùmí àti àwọn abọ̀rìṣà, kó gba ilẹ̀ wọn, kó sì sọ àwọn fúnra wọn di ẹrú títí láé. Ní 1455, Póòpù kan náà tún kọ òmíràn, Romanus Pontifex, tó fi ẹsẹ̀ ti àkọ́kọ́ múlẹ̀, tó sì fi àwọn ilẹ̀ etíkun Áfíríkà tí àwọn Potogí ń dé sí abẹ́ àṣẹ wọn. Látìn ni wọ́n fi kọ méjèèjì. Kì í ṣe ọ̀tá Ìjọ ló kọ wọ́n, kì í sì í ṣe ìmáàmù kankan ló hú wọn jáde. Ọmọ SS2 tó bá gbọ́n á bi olùkọ́ rẹ̀ pé: ṣebí onígbàgbọ́ làwọn Potogí yìí, ta ló sọ fún wọn pé kò burú? Inú ìwé méjèèjì yẹn ni ìdáhùn wà. Olùkọ́ tó bá fò ó ti fi ìbéèrè ọmọ sílẹ̀ láìdáhùn, ọmọ náà á sì wá ìdáhùn lọ sórí TikTok.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò parí sí 1452, bóyá ọmọ ló délé tí kò sọ ọ́ tán. Ní 1537, Póòpù Paul Kẹta kọ̀wé pé èèyàn bíi ti ẹnikẹ́ni ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gba òmìnira wọn tàbí ohun ìní wọn. Ní 1839, Gregory Kẹrìndínlógún fòfin de òwò ẹrú pátápátá fún gbogbo ọmọ Ìjọ. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ó pẹ́. Ní 1992, John Paul Kejì lọ sí erékùṣù Gorée ní Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọ́kọ̀, ó sì tọrọ àforíjì níbẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2023, Fátíkàn kéde pé àwọn kẹ̀yìn sí èrò tí àwọn òyìnbó fà yọ nínú àwọn ìwé ayé àtijọ́ wọ̀nyẹn láti fi gba ilẹ̀ onílẹ̀. Bí Fátíkàn bá lè sọ ọ́ ní gbangba, ta lèmi tí n ó máa bò ó mọ́lẹ̀ ní kíláàsì?

Ẹnì kan wà nínú ẹ̀kọ́ yìí tí àwọn ọmọ fẹ́ràn ju gbogbo Póòpù lọ. Lourenço da Silva Mendonça ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọba ni, láti ilẹ̀ Ndongo ní Àǹgólà. Ní 1671 ni àwọn Potogí lé òun àtàwọn ẹbí rẹ̀ kúrò nílé, wọ́n kó wọn lọ sí Bùràsíìlì. Láti ibẹ̀ ó dé Potogí, ó dé Sípéènì, nígbà tó sì di 1684 ó ti wà ní Róòmù, ó gbé ẹ̀sùn òwò ẹrú síwájú Póòpù. Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ẹrú. Ó béèrè bí wọ́n ṣe lè ri ọmọ bomi ní orúkọ Jésù kí wọ́n sì tún máa tà á. Ní 1686, àwọn kádínà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ fèsì pé kò tọ́ láti máa fi ipá tàbí ẹ̀tàn mú aláwọ̀ dúdú tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kò tọ́ láti rà á, kò tọ́ láti tà á. Àwọn tí wọ́n sọ ọ́ fún kò tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọmọkùnrin kan tí kì í sábà la ẹnu rẹ̀ ní kíláàsì na ọwọ́ sókè, ó ní, "Àlájà, ṣé a lè fi ọkùnrin yìí ṣe ẹni mímọ́?" Mo ní kó lọ bi Fada. Ó lọ bi í lóòótọ́. Fada ní ìbéèrè náà dáa, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ òun.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹlòmíì wá, torí pé tèmi náà wà níbẹ̀. Pacífico Licutan, ọmọ Yorùbá, àgbà Mùsùlùmí ní Salvador, ní Bahia ti Bùràsíìlì. Bilal ni orúkọ tó ń jẹ́ láàárín àwọn Mùsùlùmí. Iṣẹ́ tábà ló ń ṣe ní èbúté. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti dá owó jọ láti rà á padà, olówó rẹ̀ kọ̀. Nígbà tó di ìparí 1834, wọ́n tì í mọ́lé, kì í ṣe torí pé ó ṣẹ̀, bí kò ṣe pé olówó rẹ̀ jẹ àwọn fada ẹgbẹ́ Kámẹ́lì lówó, wọ́n sì fẹ́ tà á láti fi dí gbèsè náà. Lóru ọjọ́ tó mọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1835, ààwẹ̀ Ràmàdánì ń parí lọ, àwọn Mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá dìde ogun ní ìlú náà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀, torí pé àwọn òyìnbó á ti lọ sí Bonfim lọ ṣe àjọ̀dún Màríà. Ọ̀dàlẹ̀ ló jẹ́ kí ogun bẹ̀rẹ̀ kó tó tó àkókò. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n kọ́kọ́ kọlù ni ẹ̀wọ̀n tí Licutan wà. Wọn ò rí i tú sílẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ní SS3, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin Ìjọ, gbọ́ èyí, ó wò mí títí, ó ní, "Àlájà, ẹ̀yin fada ló gba bàbá yín gẹ́gẹ́ bí owó?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín torí "ẹ̀yin fada" tó pè mí. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà a padà sórí iṣẹ́: ta ló ń jẹ gbèsè, ta ló ń gba owó, ta ló ń ṣe àkọsílẹ̀? Kò sẹ́ni tó fi Ìjọ sílẹ̀ ní ọjọ́ yẹn. Ọmọbìnrin yìí ṣì ń kọrin ní Máàsì.

Ohun tó ń dùn mí nínú lẹ́tà òbí yẹn ni pé ó rò pé ẹni tó bá mẹ́nu kan ẹ̀gbin ìgbà àtijọ́ kò ní nǹkan rere láti sọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìtàn Ìjọ Àgùdà l'Ékòó dùn ju èyí tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Ìjọ mọ̀ lọ. Ẹ bi ọmọ girama ẹni tó mú ẹ̀sìn Kátólíìkì wá sí Èkó, yóò ní òyìnbó ni. Kì í ṣe òyìnbó. Lẹ́yìn ogun 1835 ni àwọn tó gba òmìnira wọn ní Bahia túbọ̀ ń padà sílé, Mùsùlùmí àti ọmọ Ìjọ pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kan náà. Àwọn tó jẹ́ ọmọ Ìjọ dé Èkó láìsí fada. Ẹni tó ń kó wọn jọ ní ọjọ́ Ìsinmi ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ẹni tó ti jẹ́ ẹrú rí, tó gbé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Bahia. Kò gba oyè àlùfáà. Ó ń darí àdúrà, ó ń ri ọmọ bomi, ó ń sin òkú. Nígbà tí Fada Francesco Borghero, ará Ítálì láti SMA, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì, dé Èkó ní 1863, ìjọ ló bá, kì í ṣe igbó. Ó bẹ̀ wọ́n wò ó sì lọ. Ní 1868 ni fada àkọ́kọ́ tó wá jókòó tì wọ́n, Pierre Bouche, tó dé. Láàárín àkókò yẹn, Antonio ló ṣì ń bójú tó wọn.

Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lórí ọkùnrin yìí: kí ló dé tí àwòrán rẹ̀ kò sí lára ògiri ilé ẹ̀kọ́ wa, tí ti àwọn òyìnbó wà? Wọ́n máa ń kọ nǹkan tó lè mú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn míì sì máa ń kọ nǹkan tó lè mú kó pè mí sí ọ́fíìsì. Sista pè mí lóòótọ́. Ó ní kí n mú èyí tó dáa jù wá kí wọ́n kà á ní àdúrà àárọ̀.

N kò sì fi èyí tó korò pa mọ́ níbẹ̀ náà. Joaquim d'Almeida ti jẹ́ ẹrú rí ní Bahia, ó gba òmìnira, ó padà wá sí Agoué ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ òde òní, ó kọ́ ilé ìsìn síbẹ̀; òwò ẹrú ni òun fúnra rẹ̀ ń ṣe. Àwọn ọmọ máa ń jà lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí títí aago fi máa lù.

Tí Sista bá fún wa láyè, tí àwọn òbí bá sì dá owó bọ́ọ̀sì, mo máa ń kó àwọn SS2 lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. A máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kàtídírà Holy Cross. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, àárín 1934 sí 1939 ni wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n èyí tó ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1881, ọwọ́ àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wá, ló ti jáde: Lázaro Borges da Silva ni bíríkìlà, Francisco Nobre ni káfíńtà. Láti ibẹ̀ a máa ń fẹsẹ̀ rìn dé òpópónà Martins, níbi mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey. Ọmọ Àgùdà náà ló kọ́ ìyẹn, João Baptista da Costa, pẹ̀lú Sanusi Aka. 1894 ni wọ́n ṣí i. Ẹ wo òkè ojú fèrèsé rẹ̀, ẹ wo òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì yọ sára ògiri, ẹ ó mọ̀ pé Bahia ni ọwọ́ yẹn ti kọ́ iṣẹ́. Nígbà kan tí a dé ibẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rí yúnífọ́ọ̀mù wọn àti àgbélébùú tó wà lára báàjì. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Àgùdà, kí lẹ wá ṣe ní mọ́ṣáláṣí?" Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi, tí orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ́ orúkọ Potogí, dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, àwọn baba wa ló kọ́ ọ." Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n wọlé. Èmi tí mo ti ń kírun látọjọ́ pípẹ́, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti ka iye wọn kí a tó tún wọ bọ́ọ̀sì.

Ọmọ yẹn kan náà kò mọ nǹkan kan nípa orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òyìnbó ni, òun náà sì fẹ́ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kó lọ bi ìyá bàbá rẹ̀ ìdí tí wọ́n fi ń jẹ frejon lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Ó padà wá pẹ̀lú odindi ojú ìwé: bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà náà títí tí á fi rọ̀, bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń fi omi àgbọn sè é tí wọ́n á máa rò ó kó má baà jó nídìí, bí wọ́n ṣe ń fi ẹja jẹ ẹ́, àti pé ìyá ìyá àgbà náà ló mú un ti òkè òkun wá. Ìtàn ló kọ yẹn. Mo fún un ní máàkì.

A máa ń parí ìrìn náà ní Tinúbú Square, níbi tí Ilojo Bar wà tẹ́lẹ̀. Ilé Àgùdà tí ìjọba ti kéde láti 1956 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ni. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n wó o. Ní ibẹ̀ yẹn n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, inú á ti bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ìjọba yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró fún àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n pò ó mọ́ àwọn iṣẹ́ mìíràn, láti sáà 2009/2010. Ní 2022 wọ́n ṣe ayẹyẹ pé ó ti padà. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn tó kàwé gboyè nínú Ìtàn ti di olùkọ́ Government, àwọn míì ti di olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìlú, àwọn míì ti wọ báǹkì lọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ àdáni tó pọ̀, títí kan àwọn ti Ìjọ, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá kún ni wọ́n ń fi Ìtàn kún un fún. Ó ń da nóòtù kọ fún wọn láti ojú ìwé dé ojú ìwé, wọ́n ń dà á kọ, ó parí. Ní SS1 wá, inú òpó kan náà ni wọ́n fi Ìtàn àti Data Processing sí lórí táìmù-tébù, tí ọmọ kò lè ṣe méjèèjì. Ta ni yóò mú Ìtàn? Bàbá kan bi mí lójú ara mi pé, "Àlájà, kí lọmọ mi fẹ́ fi Ìtàn ṣe? Ṣé ó fẹ́ di olùkọ́ ni?" Ó sọ ọ́ bí ẹni pé àrùn ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ti Ìjọ, kì í ṣe ti ìjọba nìkan, ni pé kí wọ́n yọ Ìtàn kúrò nínú òpó yẹn. Ọmọ sáyẹ́ǹsì náà lè ṣe é. Èkejì ló jẹ mí lógún jù. Àwọn páríìṣì tó ti pẹ́ ní ìwé ìrìbọmi tó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn fada ìgbà náà máa ń kọ orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, bàbá ìsàmì, ìyá ìsàmì, ọjọ́, wọ́n á fọwọ́ sí i. Fún olùkọ́ Ìtàn, ojú ìwé kan níbẹ̀ ju ìwé kíkà tí wọ́n ń tà ní ọjà lọ: ta ló ń bá ta ní ìbátan, àwọn wo ló fún ọmọ wọn ní orúkọ Yorùbá àti ti Potogí pọ̀, ìdílé wo ni àwọn fada kọ sílẹ̀ pé wọ́n ti Bahia dé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwé tí a lè kó lé ọmọ SS2 lọ́wọ́. Ikán ti jẹ òmíràn, bébà òmíràn á fọ́ bí a bá ṣí i.

Nítorí náà ìmọ̀ràn mi rèé. Kí páríìṣì yan ojú ìwé díẹ̀, èyí tó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ kò sí láyé mọ́. Kí akọ̀wé páríìṣì fi fóònù ya fọ́tò wọn, kó tẹ̀ wọ́n sórí bébà, kí wọ́n fún àwọn olùkọ́ Ìtàn. Kò ní gbà ju ọ̀sán kan lọ. Fada tàbí ọmọ sẹ́mínárì tó gbọ́ Látìn lè wá bá wa jókòó ní kíláàsì lẹ́ẹ̀kan láàárín sáà kí ó kà á fún wa. Ilé ẹ̀kọ́ tèmi ti ṣetán láti kọ́kọ́ dán an wò; Sista ti fọwọ́ sí lẹ́tà tí a kọ sí páríìṣì wa, ìdáhùn ni a ń retí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ Ìtàn,
Yábàá, Èkó.